Ojú Àgbà, Ara Ọmọdé

Inú agolo Ofatínì ni mo ti bá a,
àkísà òfì ni wọ́n fi wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta:
lẹ́ńsì bàbá mi, irin àti dígí,
ó wúwo ju bó ṣe kéré lọ.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń wo òkùnkùn.

Mẹ́dùbí Onífọ́tò,
tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn gáréèjì ní Kàbà,
aṣọ dúdú lójú fèrèsé, omi kíkan nínú abọ́.
O lè yá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, o lè yá àdá rẹ̀.
Lẹ́ńsì ńkọ́? Ó ní, ta ní í fi ojú rẹ̀ yáni?

Mo ra òrùka kan láti Èkó, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà,
pẹlẹbẹ bí ìdérí ìgò,
alárinà láàrin irin àtijọ́ àti ẹ̀rọ ìsinsìnyí.
Mo yí i, ó dún "kẹ́",
kámẹ́rà ní òun kò rí lẹ́ńsì kankan,
òdo, òdo ló kọ sójú.
Ọmọ òní kì í mọ àgbà tí kò bá kí i ní èdè rẹ̀.
Mo yí bọ́tìnì sí M. Mo ní, dákẹ́,
èmi ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ kò ní bá ọ wá ojú mọ́.
Ọwọ́ òsì lábẹ́, àtàńpàkò lára òrùka,
máa yí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ìbùdó rédíò lóru
títí ariwo yóò fi di ohùn.
Òrùka kejì ni ti ihò ìmọ́lẹ̀:
méjì, mẹ́rin, márùn-ún lé díẹ̀,
lẹ́yìn náà ibi tí ó dán, tí kò ní nọ́ńbà.
Mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àtàńpàkò bàbá mi ló jẹ ẹ́.
Ibẹ̀ ló ń fi í sí fún ìgbéyàwó, fún òkú, fún páàsìpọ́ọ̀tù.

Ó tún ku kan: ojú inú kámẹ́rà yìí kéré ju fíìmù lọ,
ó ń gé etí àwòrán.
Ibi tí bàbá mi dúró sí tó fi kó ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́jọ,
èmi ní láti fẹ̀yìn rìn wọ oko kajú
kí wọ́n tó pé.

Ó sì ti bu nínú,
okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn.
Ìpínmiṣọ́ tó ń tún aago ṣe ní Ìyàrà gbé e sókè sí oòrùn.
"Ó ti jẹ dígí. Bí mo nù ún, àpá á ṣẹ́ kù.
Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo gbé e lọ Ògìdì nígbà ọyẹ́,
àpáta ti fi eruku bora.
Ìyá Jọláyẹmí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó ti òfì rẹ̀.
"Òkun o," ó ní, kò mọ ẹni tó ń kí;
ìkùukùu ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì.
Mo yí, mo yí. Òwú kọ́kọ́ hàn,
lẹ́yìn náà ìka, lẹ́yìn náà ojú.
Ó mí, mo pàdánù rẹ̀. Mo tún yí.
Àwòrán mọ́kànlá, mẹ́sàn-án bàjẹ́.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Túndùn, bẹjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà.
"Kò mọ́! Etí aṣọ yọ́ mọ́ ògiri,
ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wú bí àkàrà,
bíi pé ẹnì kan mí sójú dígí."
Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Bí mo ṣe ń rí gbogbo yín nìyẹn.
Ta ló sọ fún un?"

Mo ní, "Lẹ́ńsì àbúrò yín ni."
Ó nawọ́. Kò gba kámẹ́rà, òrùka ló ń wá,
ó fi ìka tọ́ ọ dé ibi tí mẹ́jọ ti parẹ́,
ó dúró níbẹ̀.
"Ó jẹ mí ní fọ́tò kan," ó ní, "ti ọdún tí mo bí Jọláyẹmí.
Ó ní fíìmù jóná.
Irọ́ ni. Ó gbàgbé láti fi fíìmù sí i ni."

Bátìrì kú kí n tó fèsì.
Iná kò sí ní Ògìdì láti ọjọ́ Ẹtì.
A jókòó, àwa mẹ́ta, à ń retí rẹ̀,
ìka rẹ̀ ṣì wà lórí mẹ́jọ.